Ṣé ọmọ yìí mọ iṣẹ́ ni àbí ó kàn pàsì? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bá a ṣe ń wọn ìmọ̀ ọmọ Mass Comm

Látìgbà tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ wíwọn ìmọ̀ ọmọ yìí lé mi lọ́rùn ní dìpátímẹ́ǹtì wa, mi ò tíì rí ọ̀sẹ̀ kan tẹ́nì kan ò ní kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi tàbí kó fi WhatsApp ránṣẹ́ pé "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ tún fẹ́ fi ìwé wa ṣe lẹ́yìn tí rìsọ́ọ̀tì ti jáde?" Àwọn lẹ́kítọ̀ ń bèèrè, àwọn òbí ń bèèrè, kódà akọ̀wé tó ń bá mi ṣe fọ́tókópì náà bèèrè. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́nu mi lè sinmi. Dìpátímẹ́ǹtì Mass Communication la wà, ní yunifásítì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ohun tí mo bá sọ nípa tiwa, tiwa náà ni o, kẹ́nikẹ́ni má lọ rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo.

Kí gan-an ni "learning outcome" tẹ́ ẹ ń pariwo ẹ̀ yìí?

Ohun tọ́mọ lè ṣe nígbà tó bá parí kọ́ọ̀sì, tá a lè fojú wa rí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé kọ́ọ̀sì wa, ẹ máa bá a níbẹ̀ pé "akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní òye ìròyìn kíkọ." Ó dáa, báwo la ṣe máa rí òye? Ṣé a máa la orí ẹ̀ ni? Bá a ṣe ń kọ ọ́ báyìí ni pé: ká fún ọmọ ní nóòtì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò méjì àti ìwé kan látọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kó kọ ìròyìn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ 300 láàárín ìṣẹ́jú 45, kí kókó ọ̀rọ̀ wà ní ìlà àkọ́kọ́, kí orúkọ gbogbo èèyàn inú ẹ̀ péye, kó sì hàn kedere ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí, tó bá ṣe é a máa rí i, tí ò bá ṣe é náà a máa rí i.

Benjamin Bloom, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ kan, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló to ìpele ìmọ̀ sí mẹ́fà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956, àwọn míì tún un tò lọ́dún 2001, kò sì sí lẹ́kítọ̀ tó ti lọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rí tí àwòrán ìpele mẹ́fà ọ̀hún ò tíì sú. Kéèyàn rántí nǹkan ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, kéèyàn dá nǹkan tuntun sílẹ̀ ló wà lókè téńté. Wàhálà tiwa ni pé ìsàlẹ̀ yẹn lẹ̀sáàmù wa jókòó sí. "Kí ni ìròyìn? Dárúkọ nǹkan márùn-ún tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìròyìn." Ọmọ á há a sórí bí ẹni há Sáàmù, á gba 14 nínú 15, ọjọ́ tí iná bá wá jó lọ́jà, kò ní mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ bi léèrè.

Ṣé ẹ̀sáàmù àti CGPA ò tó ni?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí òun làwọn ọ̀gá lẹ́kítọ̀ máa ń fi pa mí lẹ́nu mọ́. "Ọmọ ti gba B, kí lo tún ń wá?"

Ẹ jẹ́ ká tú B yẹn wò. Ká ní 64 ni. Lọ́dọ̀ tiwa, 40 ni ti tẹ́ẹ̀sì àti asáìmẹ́ǹtì, 60 ni tẹ̀sáàmù. Ọmọ kan wà tó ń wá sí kíláàsì lójoojúmọ́, tó mọ gbogbo tíọ́rì láti orí dé ìdí, ṣùgbọ́n tí ò lè kọ ìlà méjì tẹ́nì kan máa fẹ́ kà. Òmíràn wà tó ń kọ̀wé bí ẹni ń mu omi, àmọ́ kò wá ṣe tẹ́ẹ̀sì kejì torí iṣẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó tó lọ ṣe. Àwọn méjèèjì gba 64. Ẹ ní kí n wo 64 kí n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún yín, ṣé babaláwo ni mí ni?

Mo rántí ọmọbìnrin kan, A ló ní nínú kọ́ọ̀sì ìròyìn rédíò. A gbé e wọ sítúdíò, a ní kó ka ìròyìn oníṣẹ́jú mẹ́ta tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ. Ó lo ìṣẹ́jú márùn-ún lé díẹ̀, èémí ń gé mọ́ ọn lẹ́nu torí gbólóhùn kan ṣoṣo ló gba ìlà mẹ́rin, ìgbà tó dé ibi orúkọ kọmíṣánnà ó dúró, ó wo ojú gíláàsì, ó wò wá, ló bá bú sẹ́rìn-ín, a sì mọ̀ pé ẹkún ló kù. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀ rárá. Orí ìwé ló ti ṣe ìdánwò rédíò látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwa la fi bírò dán iṣẹ́ ẹnu wò.

Nítorí náà rárá, kò tó. CGPA, ìyẹn ìpíndọ́gba gbogbo gíréèdì ọmọ, ṣì wúlò o, ẹni tó ní 4.50 sókè ló ni First Class, a ò bá a du ú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí gíréèdì ń ṣe yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí.

Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ṣe é? Àbí ẹ kàn fẹ́ dààmú wa ni?

NUC ni, àjọ tó ń mójú tó yunifásítì. Wọ́n ti wà láti 1962, òfin sì fún wọn lágbára lọ́dún 1974. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n gbé kárikúlọ̀mù tuntun jáde, èyí tá à ń pè ní CCMAS, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 2023. NUC ló ni 70% inú ẹ̀, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló máa fi 30% tó kù síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Lábẹ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kọ ohun tọ́mọ gbọ́dọ̀ lè ṣe tó bá parí. Mass Communication tí wọ́n ti ń kọ́ ní Nsukka láti 1961 àti ní UNILAG láti 1966, wọ́n ti tú u sí wẹ́wẹ́ báyìí, iṣẹ́ ìròyìn lọ́tọ̀, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lọ́tọ̀, ìpolówó lọ́tọ̀, public relations lọ́tọ̀, fíìmù lọ́tọ̀, àtàwọn míì. Tí dìpátímẹ́ǹtì bá wá pín báyẹn, o ò lè máa fi ìbéèrè kan náà dán gbogbo wọn wò mọ́.

Akreditéṣọ̀n tún wà ńbẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tí NUC fi ń mọ̀ bóyá dìpátímẹ́ǹtì kúnjú ìwọ̀n. Dìpátímẹ́ǹtì tó bá gba 70% sókè lọ́wọ́ NUC ló ní èyí tó pé, ọdún márùn-ún ni. Láti 60 sí 69, ti ọdún méjì lo gbà, wọ́n á tún padà wá. Tó bá wálẹ̀ ju ìyẹn lọ, ẹ ti mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni dìpátímẹ́ǹtì máa ń kun ògiri, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àbẹ̀wò yẹn ni. Èmi ò fẹ́ kí wíwọn ìmọ̀ ọmọ dà bí ọ̀dà ara ògiri, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dààmú yín lọ́dọọdún.

Báwo lẹ ṣe wá ń ṣe é?

Lẹ́yìn tí Sẹ́néètì yunifásítì bá ti fọwọ́ sí rìsọ́ọ̀tì, kí ọkàn yín balẹ̀, ìgbà yẹn là ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa gba líìsì 400 level, wọ́n máa ń tó 180, màá máa mú ọ̀kan nínú mẹ́fà-mẹ́fà títí yóò fi pé 30. A kì í ṣa àwọn tó dáa, a kì í sì í ṣa àwọn tí lẹ́kítọ̀ bínú sí. Akọ̀wé á fi bébà bo orúkọ àti nọ́ńbà mátíríìkì lára iṣẹ́ wọn, á fọ́tókópì ẹ̀, á wá kọ 1 dé 30 sí i lára. Lẹ́kítọ̀ méjì á ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láìrí máàkì ara wọn, ẹni tó kọ́ kọ́ọ̀sì yẹn kì í sì í sí nínú àwọn méjì. Tí ohun tí wọ́n fún un bá jìnnà síra, ẹnì kẹta á kà á.

Lẹ́yìn ìyẹn la máa wá jókòó. Ìjókòó yẹn niṣẹ́ gan-an, àwọn tó ṣáájú yẹn, iṣẹ́ fọ́tókópì ni. A máa gbé iṣẹ́ mẹ́ta-mẹ́rin sáàárín tábìlì, a ó kà á sókè, a ó máa bára wa jiyàn, ẹnì kan á ní "ṣùgbọ́n mo kọ́ wọn nìyí ní 200 level!" ẹnì kejì á ní "o kọ́ wọn, ṣé wọ́n gbọ́?" Nígbà míì ó máa ń le. Bí kò bá le, a jẹ́ pé a ò ka iṣẹ́ náà dáadáa nìyẹn.

A kì í sì í wọn gbogbo nǹkan lọ́dún kan ṣoṣo. Ọdún tá a bá wo ìròyìn kíkọ, a ò ní fọwọ́ kan ìwádìí, ọdún tá a bá wo ìwádìí, ìpolówó á sinmi. Àwọn dìpátímẹ́ǹtì tó ní àwọn fẹ́ wo nǹkan mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan, fáìlì ni wọ́n ń rí kó jọ.

Kí ni rubric tí gbogbo yín ń sọ?

Tábìlì kan ni tó ń sọ ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí kẹ́ni tó ń máàkì tó gbé bírò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe dé ìdí ẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tá a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo fọ́tókópì ìròyìn kan ṣoṣo, ó dá lórí omi òjò tó ya wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, mo pín in fún lẹ́kítọ̀ méje, mo ní kí kálukú fún un ní máàkì nínú 100 kó má sì sọ̀rọ̀. Ẹni tó fún un tó pọ̀ jù fún un ní 72. Ẹni tó fún un tó kéré jù fún un ní 41. Ìròyìn kan náà o! Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó fún un ní 72, ọ̀jọ̀gbọ́n wa kan ni, ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹni tó fún un ní 41 ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá máa kọ́ni, ó ní "ta ló sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀? Kò sí tíṣà, kò sí òbí, kò sí ọmọ, 'a gbọ́ pé' ló kún ibẹ̀, èmi ò lè tẹ èyí jáde." Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Àmọ́ ọmọ tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ gba A, èyí tó bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì gba E, iṣẹ́ kan náà.

Bá a ṣe wá jókòó kọ ìlà márùn-ún nìyẹn: kókó àti ìlà àkọ́kọ́, òótọ́ àti orúkọ àti nọ́ńbà, àwọn tó sọ̀rọ̀, èdè àti ètò, ìwà ọmọlúàbí nídìí iṣẹ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní 1 dé 4. Ẹ wo ìlà "àwọn tó sọ̀rọ̀": 1 ni kó má sẹ́nì kankan tó lórúkọ nínú ẹ̀, 2, ẹnì kan, ó sì lè jẹ́ agbẹnusọ ìjọba, 3, ó kéré tán èèyàn méjì tọ́rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n, pẹ̀lú orúkọ àti ipò wọn, 4, gbogbo ìyẹn, tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sì ti rí àyè fèsì. Ìlà ìwà ọmọlúàbí ló fa àríyànjiyàn jù, torí ọmọ kan kọ orúkọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n bá ṣèṣekúṣe sínú ìròyìn, gbogbo nǹkan yòókù nínú iṣẹ́ ẹ̀ ló dáa. A fún un ní 1 nínú ìlà yẹn, a ò sì ṣẹ́jú.

Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí ò fi jẹ́ 1 dé 5, a ti dán ìyẹn wò. 3 ni gbogbo èèyàn ń fún ọmọ, torí 3 kì í bá ẹnikẹ́ni jà.

Ṣé èyí máa yí rìsọ́ọ̀tì mi padà?

Rárá. Orúkọ yín ò sí lára ẹ̀, rìsọ́ọ̀tì ti jáde, dìpátímẹ́ǹtì là ń máàkì.

Àwa mẹ́jọ la ṣe dọ́kúmẹ́ńtárì, èèyàn méjì ló ṣiṣẹ́, gbogbo wa la gba 68. Ṣé ìyẹn dáa?

Kò dáa, mo sì mọ̀. Ohun tá à ń ṣe báyìí ni pé tí grúùpù bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, a máa pe wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. A ó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá nínú dọ́kúmẹ́ńtárì náà hàn án, a ó dá a dúró, a ó bi í pé "ta ló ní kí ohùn ìyá yìí ṣáájú àwòrán ẹ̀, kí sì nìdí?" Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ṣe é á ti máa dáhùn ká tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó kàn wá ya fọ́tò níbẹ̀ á máa wo àjà.

Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú dá èèyàn lẹ́jọ́ o. Ọmọkùnrin kan wọlé, a bi í ní ohun tó ṣe, ó ní "Èmi ni mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀, sà." A rẹ́rìn-ín. Ló bá yọ ìwé kékeré kan jáde, owó tí kálukú dá, owó ọkọ̀, iye lítà epo, ọjọ́ tí wọ́n yá kámẹ́rà àti ọjọ́ tí wọ́n dá a padà, nọ́ńbà fóònù ẹni tó gbà wọ́n láyè wọ àgbàlá ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni prodúsà ń ṣe tó ju ìyẹn lọ? Kò sí ìlà ẹ̀ nínú rubric wa nígbà yẹn. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí.

Próójẹ́ẹ̀tì ìparí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ fi wọn ọmọ?

Ó yẹ, ká ní ọmọ ló ń ṣe é. Orí kìíní dé orí karùn-ún, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. "Ipa tí social media ń kó lórí" báyìí-báyìí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì báyìí-báyìí, wọ́n á pín ìwé ìbéèrè fún àwọn ará họ́sítẹ̀lì, wọ́n á fi tábìlì àti percentage sí i, ó tán. Ohun tí ìwé yẹn ń fi hàn ni pé ọmọ lè tẹ̀ lé ọ̀nà tẹ́lòmíì ti là. Bóyá ó lè ronú ọ̀nà fúnra ẹ̀, ibi difẹ́ńsì, níbi tọ́mọ ti ń dáhùn ìbéèrè lórí próójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lójú wa, lèèyàn ti lè mọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: "Kí ló dé tó o fi pín ìwé ìbéèrè dípò kó o jókòó ti èèyàn mẹ́wàá kó o bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa?" Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni "Supafáísọ̀ mi ló ní kí n lò ó, mà."

A ti wá ń gbà kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe dọ́kúmẹ́ńtárì tàbí ìpolówó ní àṣepé dípò ìwé orí márùn-ún, kó sì kọ ojú ìwé díẹ̀ tó ṣàlàyé ìdí tó fi ṣe é bó ṣe ṣe é. Àwọn àgbà kan ṣì ń bá wa jà lórí ẹ̀. Wọn ò jẹ̀bi tán, torí àwọn ọmọ kan ti sọ ọ́ di ọ̀nà ẹ̀bùrú.

IT tí mo lọ ṣe ní rédíò, ṣé ẹ ń ka logbook?

À ń kà á, ìwé tẹ́ ẹ ń kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe lójoojúmọ́ sí níbi tẹ́ ẹ ti lọ kọ́ṣẹ́. "Monday: mo bá ọ̀gá lọ sí ìpàdé oníròyìn. Tuesday: mo bá ọ̀gá lọ sí ìpàdé oníròyìn." Fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń kọ sì tún wà, "excellent" ni látòkè délẹ̀, fún gbogbo ọmọ, ẹni tó ń pẹ́ débi iṣẹ́ náà ń gba excellent. A ti pa fọ́ọ̀mù yẹn tì, ìbéèrè méjì péré la ń fóònù bi wọ́n báyìí: "Iṣẹ́ wo lẹ gbé fún ọmọ yìí tẹ́ ẹ ò sì padà tún ṣe? Tí àyè bá ṣí lọ́la, ṣé ẹ máa pè é?" Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ló máa ń sọ òótọ́.

Ṣé fọ́ọ̀mù Google tẹ́ ẹ ń fún wa kọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí clearance wúlò fún nǹkan kan?

Ó wúlò, àmọ́ kì í ṣe fún ohun tí mo kọ́kọ́ rò. Ohun méjì ló wà: ohun tá a fojú rí nínú iṣẹ́ yín, àtohun tẹ́ ẹ fẹnu yín sọ. Èyí tẹ́ ẹ fẹnu sọ ò lè rọ́pò èyí tá a rí. Lórí fọ́ọ̀mù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ mọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣe dáadáa pọ̀ gan-an, tá a bá wá gbọ́ rẹ́kọ́dìn yín, "ẹ sọ̀rọ̀ nípa ara yín" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ tó pọ̀ jù.

Ohun tí fọ́ọ̀mù fi ṣe wá láǹfààní ni èyí: a bi yín pé ìgbà mélòó lẹ di kámẹ́rà dìpátímẹ́ǹtì mú ní ọdún mẹ́rin, ọ̀pọ̀ yín sì kọ "kò sígbà kankan." Kámẹ́rà mẹ́ta la ní. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹni náà sì máa ń rìnrìn àjò. Ohun tí ìjókòó bíi mélòó kan ò rí, fọ́ọ̀mù ló rí i. Ìwé ni wọ́n fi ń yá a báyìí, kọ́kọ́rọ́ sì ti di méjì.

ChatGPT ti wà báyìí, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ọmọ ló kọ iṣẹ́?

Ẹ gbọ́, mi ò kí ń lé e kiri. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó lè dá iṣẹ́ AI mọ̀ máa ń ṣi ọmọ tó jẹ́ aláìṣẹ̀ mú, èmi ò sì fẹ́ kí n lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ lórí ohun tí ẹ̀rọ méfò. Iṣẹ́ la yí padà. ChatGPT ò lè lọ sọ́jà lọ bá ìyá elépo sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ìròyìn nìkan ò tó mọ́, ọmọ á mú nóòtì tó fọwọ́ kọ wá, á mú rẹ́kọ́dìn inú fóònù wá, á mú nọ́ńbà ẹni tó bá sọ̀rọ̀ wá tẹ́ni yẹn bá gbà, a sì máa ń pe àwọn kan lára wọn. Ọjọ́ kan tí mo pe ìyá kan, ó ní "ọmọ yín yẹn ò jẹ́ kí n tajà, gbogbo ìgbà ló ń bèèrè bóyá òun pe orúkọ mi dáadáa." Mo fún ọmọ yẹn ní 4 nínú ìlà orúkọ lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ tí ìròyìn bá dán ju nóòtì lọ, tí nóòtì ọ̀hún jẹ́ ìlà mẹ́ta, a máa pe ọmọ kó wá kọ òmíràn lójú wa.

Kí ló kan Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí?

30% wa ni. A fi ìròyìn kíkọ àti kíkà lédè Yorùbá síbẹ̀, torí ẹ tan rédíò yín lágbègbè yìí kẹ́ ẹ gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣe ètò òwúrọ̀ táwọn èèyàn ń gbọ́ jù. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Àwọn kan rò pé kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ni, "ṣebí Yorùbá ni mí." Ọmọ jókòó sídìí maíkì, ó fẹ́ kà pé ọkọ̀ méjì forí sọ ara wọn lójú ọ̀nà márosẹ̀, torí kò fi àmì sí i nígbà tó ń kọ ọ́, ó kà á pé ọkọ méjì ló forí sọ ara wọn. Ọmọ tó ń ṣe ẹ̀rọ bọ́ sílẹ̀ lórí àga.

Nọ́ńbà ló tún wá burú jù. Wọ́n á kọ ₦45,000 sínú ìwé, wọ́n á dé ibẹ̀, wọ́n á ní "forty-five thousand náírà." Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà, kò lè jáde lẹ́nu wọn. Rubric ti Yorùbá yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì torí náà: ìlà kan wà fún àmì ohùn, ìlà kan wà fún nọ́ńbà kíkà, ìlà kan sì wà fún bóyá Yorùbá ni ọmọ fi ronú àbí ó kàn ń tú Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló ṣòro láti máàkì, ṣùgbọ́n ẹ ka ìlà méjì àkọ́kọ́, ẹ máa mọ̀.

Kò síná, sítúdíò ò dáa, báwo lẹ ṣe fẹ́ wọn ohun tẹ́ ò ní irinṣẹ́ ẹ̀?

Fóònù. Mi ò fi ṣe àwàdà o. Ohùn tó mọ́ gaara nínú yàrá tí kọ́tìnì wà, etí ẹni tó ń gbọ́ ò mọ̀ bóyá sítúdíò olówó ńlá ni. Ohun tá ò bá lè wọn, bíi kéèyàn darí kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ wa lè ṣe é. Ìyẹn bí àwọn kan nínú, wọ́n ní NUC á ka a sí àléébù. Ó sàn kí wọ́n kà á sí àléébù ju kí n purọ́ lọ.

Nọ́ńbà ọdún tó tẹ̀ lé ìyanṣẹ́lódì burú gan-an lórí bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ń kọ èsì wíwọn ìmọ̀ sí, kí ló ṣẹlẹ̀?

ASUU, ẹgbẹ́ àwọn lẹ́kítọ̀ yunifásítì, wọlé ìyanṣẹ́lódì ní 14 oṣù Kejì ọdún 2022, oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ohun tá a kọ́ ọmọ kó tó di pé a lọ sílé, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ la wá dán an wò, nígbà tí àwọn kan nínú wọn ti ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, táwọn míì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣé a ò kọ́ wọn dáadáa ni, àbí wọ́n gbàgbé ni, nọ́ńbà ò lè sọ ìyẹn fún wa. Èrò mi ni pé ká yọ ọdún yẹn kúrò lórí bọ́ọ̀dù, àwọn lẹ́kítọ̀ yòókù ní rárá, wọ́n ní ká fi síbẹ̀ ká wá kọ àlàyé sábẹ́ ẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn.

Kí lẹ ti yí padà nítorí gbogbo wàhálà yìí?

Òun ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè jàre.

Ọdún àkọ́kọ́ tá a wo ìròyìn 30, ohun tó yà wá lẹ́nu kì í ṣe èdè, ìṣirò ni. A ti fi owó gààrí sínú nóòtì tá a fún wọn, ó kúrò ní ₦800 ó di ₦1,200. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ó fi 40% lé. Ẹnì kan ní 400%. Àwọn tó kọ 50% ò pé ìdajì. Àwọn ọmọ yìí ló sì máa lọ máa ròyìn bọ́jẹ́ẹ̀tì o.

A ò lè dá kọ́ọ̀sì tuntun sílẹ̀ báyẹn, a wá gba ọ̀sẹ̀ méjì nínú kọ́ọ̀sì ìròyìn kíkọ ní 200 level. Ọmọ á lọ sọ́jà pẹ̀lú ìwé àti bírò, á kọ iye owó nǹkan mẹ́fà, á padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, á kọ ìròyìn lórí ohun tó lé àtohun tó wálẹ̀. Lẹ́kítọ̀ tó ń kọ́ ọ ní òun kì í ṣe tíṣà Máàtì. Ó ń ṣe é ṣá. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn dé 400 level tá a tún wo iṣẹ́ wọn, nọ́ńbà ti dáa sí i, orúkọ èèyàn ló wá bàjẹ́. Ọmọ kan kọ orúkọ baálẹ̀ kan ní ọ̀nà mẹ́ta nínú ìròyìn kan ṣoṣo. Orúkọ la wà lórí ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà?

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. ACEJMC, tó ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìròyìn wò níbẹ̀ láti 1945, máa ń bèèrè ẹ̀rí pé dìpátímẹ́ǹtì ń wo iṣẹ́ ọmọ fúnra ẹ̀, ó sì máa ń bèèrè ohun tí wọ́n yí padà lẹ́yìn tí wọ́n wò ó tán. NCA, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1914, gbé ohun mẹ́sàn-án jáde lọ́dún 2015 tí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìbánisọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣe. A ti kà á, a sì mú díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn náà ní lẹ́kítọ̀ tó ń sọ pé iṣẹ́ ìwé lásán ni, ìyẹn tù mí nínú díẹ̀.

Ọmọ mi ní Second Class Upper, ṣé ẹ lè fi dá mi lójú pé ó mọ iṣẹ́?

Mummy, ẹ ní kó fi nǹkan mẹ́ta tó ti ṣe hàn yín. Tí ò bá ní mẹ́ta, ẹ pè mí.

Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó níbi ìpàdé náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, méjì láti 400 level, ọ̀kan láti 300. Wọn ò ní rí orúkọ ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í máàkì, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ̀rọ̀. Ọmọ 300 level kan ló sọ fún wa ní ọdún tó kọjá pé ìṣẹ́jú 45 tá à ń fún wọn, mẹ́wàá nínú ẹ̀ ni wọ́n fi ń wá àga. A lọ wò ó, òótọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá, ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ọ̀sẹ̀ ẹ̀sáàmù tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú omi dání torí a máa ń pẹ́ níbẹ̀.